Àwọn Irish láàánú ni àbí ojú ayé ni wọ́n ń ṣe? Ìdáhùn mi sí Ìyá Ìbejì tó ń lọ Mayo

Ìyá Ìbejì kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọsibítù kan ní Mayo, apá ìwọ̀-oòrùn Ireland, ti gbà wọ́n síṣẹ́, físà ló kù. Wọ́n ní: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Galway sọ pé kò sí Òyìnbó tó dà bí àwọn Irish, pé wọ́n láàánú, wọ́n lẹ́nu, àfi bíi pé Yorùbá ni wọ́n. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Dublin ní kí n má dá a lóhùn, ó ní ojú ayé lásán ni gbogbo ẹ̀, pé àwọn ará àdúgbò òun ń kí òun láàárọ̀, wọ́n ń kí òun lálẹ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ pé kóun wọlé wá jókòó. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ tún bá mi dá sí i, ọmọ ọdún mẹ́fà làwọn ìbejì, ṣé kí gbogbo wa jọ wá ni àbí kí n kọ́kọ́ wá ná?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o, Ọlọ́run á ṣọ̀nà ní rere. Àwọn méjèèjì ò purọ́ fún yín. Mo ti pẹ́ ní Ireland níbí, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe ni pé mo máa ń jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń tọ́jú arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, Íńdíà àti Philippines, mo máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bá àwọn èèyàn ibí gbé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àti oògùn o, ìyẹn wọ́n ti mọ̀ ọ́n wá láti ilé. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ilẹ̀kùn méjì ló wà nílé àwọn Irish. Ti àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá ń kọjá lọ ni wọ́n ń kí káàbọ̀, tẹ́ ẹ bá wá wọlé tán lẹ ó rí i pé òmíì tún wà níwájú, ìyẹn kì í sì í tètè ṣí. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ yín ń sọ, àbúrò ọkọ yín ti kan ìkejì títí ọwọ́ ti ń ro ó.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Yorùbá tó bá ti gbé London rí kó tó débí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń yà á lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn ń kíra. Tí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tọmọdé tàgbà ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, kódà àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tó ń pariwo lẹ́yìn látìgbà tí wọ́n ti wọlé náà á dúpẹ́. Ní ìgbèríko bíi ti Mayo tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí tó wa mọ́tò pàdé yín lójú ọ̀nà tóóró á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn, ó ti kí yín nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ gbé tiyín sókè. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní báńkì, níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró de dókítà, ẹnì kan á ṣáà wá ọ̀rọ̀ sọ, ojú ọjọ́ ni wọ́n sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀, òjò tó rọ̀ lánàá, èyí tó fẹ́ rọ̀, èyí tí wọ́n ní á rọ̀ tí ò rọ̀. Ẹ má sọ pé kí ló kàn mí kan òjò. Kì í ṣe òjò ni wọ́n ń bá yín sọ, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá wá béèrè pé ṣé dáadáa ni, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro o, torí ẹni tó béèrè ti ń lọ. Ìyẹn ò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa, àwa tí òrùlé ń jò lé lórí tá a ṣì ń sọ pé a dúpẹ́.

Àwàdà ló tẹ̀lé e, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí torí òun ló ń da àwọn èèyàn wa láàmú jù ní wọ́ọ̀dù. Irish kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ràn pé òun fẹ́ràn ẹ̀, yẹ̀yẹ́ ló máa fi í ṣe. Slagging ni wọ́n ń pè é. Ẹ pẹ́ dé díẹ̀ báyìí, ẹnì kan á ní ẹ káàsán o. Ẹ gbé oúnjẹ aláta yín jáde ní yàrá tíì, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe panápaná. Ẹ ra mọ́tò tó ti dàgbà, wọ́n á ní ìgbà wo ni mùsíọ́mù ń bọ̀ wá gbé e. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ nílé pé wọn kì í fi àgbà ṣe ẹlẹ́yà á bínú, á fajú ro, àwọn náà á rí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, jọ̀wọ́ lọ́tùn-ún ẹ ṣeun lósì, òun náà á rò pé òun ti borí. Kò borí rárá o, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n gbé e sí. Ẹni tó ti ṣe oṣù mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò, tẹ́nì kan ò fi ṣẹ̀fẹ̀ rí, kò tíì wà láàárín wọn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò le, ẹ dá a padà fún wọn. Ṣebí Yorùbá ni yín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín búni, ẹ mọ bí ọmọ ilé àti ìyàwó ilé ṣe ń gún ara wọn lọ́rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ò sì bà jẹ́, ẹnu yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wá. Àmọ́ níbí kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ẹ̀, pọ́tà tó ń ti bẹ́ẹ̀dì kiri lè fi dókítà àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, dókítà náà ló sì máa rẹ́rìn-ín jù.

Ó láàlà ṣá o. Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọ̀ yín tàbí ibi tẹ́ ẹ ti wá lọ́nà ẹ̀gàn, kì í ṣe slagging mọ́, ẹni tó sọ ọ́ sì mọ̀. Ẹ má torí pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ ò gba àwàdà kẹ́ ẹ máa bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ wò ó lójú, ẹ ní ìyẹn ò dáa, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń dẹ́rù ba Irish ju ariwo lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti ipò àti oyè. Orúkọ ni ẹ máa pe máníjà yín, orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, kò sí mà kò sí sà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ahọ́n ń wúwo fún níbẹ̀yẹn, a ó máa yí i po, a ó máa fi mà kún un, àwọn tó gbọ́ á sì máa wojú ara wọn torí létí tiwọn ó ń jọ pé à ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ara yín ga. Owó kì í bí wọn nínú tó ẹni tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lówó, notions ni wọ́n ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Mayo ó fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju olè jíjà lọ. Ẹ yin obìnrin kan pé aṣọ ẹ̀ dára, kò ní sọ pé ẹ kú ojú ire, á yára ní Penneys ni òun ti rà á, Penneys ni ṣọ́ọ̀bù tí aṣọ ti pọ́ọ́kú, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ ló máa fi sọ ọ́. Torí náà másítà tẹ́ ẹ ní, ilé tẹ́ ẹ ń kọ́ sí Akóbọ̀, bàbá ọkọ tó jẹ́ olóyè, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sápò ná. Wọ́n ṣì máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbà yẹn ni iyì ẹ̀ pọ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ìtìjú yìí ò gbọ́dọ̀ dé ni intáfíù ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, máàkì ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀, ohun tẹ́ ò bá fẹnu ara yín sọ wọn ò lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Wàyí o, ohun tó ń pa èèyàn lẹ́kún. Irish kì í fẹnu sọ pé "rárá". Ká má parọ́, àwa náà kì í tètè sọ ọ́, àmọ́ tiwọn le ju tiwa lọ. Aládùúgbò á ní "ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan", inú yín á dùn, ẹ ó máa retí, ọjọ́ kan yẹn ò sì sí lórí kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ọkọ yín nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́ fún un o, ẹni tó sọ ọ́ fi inú kan sọ ọ́, ó ń fi hàn pé òun ò ní i sínú ni, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ dá aago ló di ìpè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tòótọ́ ni, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá ọjọ́: ẹ wá mu tíì nílé wa lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́ta. Ẹni tó bá wá, ẹ ti rí ẹnì kan.

Níbi iṣẹ́ ó léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí máníjà bá ní "tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ bá mi wo fáìlì yẹn", ìsinsìnyí ló ń sọ. Tó bá ní "ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í wò o, àmọ́ ó jọ pé…", ẹ ti ṣe àṣìṣe kan, ó sì dá a lójú. Mo mọ nọ́ọ̀sì wa kan tí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún léraléra nípa bó ṣe ń kọ nǹkan sínú ìwé aláìsàn, ẹni tó ń kìlọ̀ yìí ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ ẹ̀, kò ṣá bínú, torí náà obìnrin yìí mú un ní ọ̀rọ̀ kékeré, àfìgbà tí lẹ́tà dé. Lọ́dọ̀ wa tí matron bá ń bínú, ìdílé aláìsàn tó wà ní géètì á gbọ́. Níbí, bí ohùn bá ṣe ń rọ̀ sí i ni kẹ́ ẹ ṣe máa lajú sí i. Ẹ béèrè ní gbangba, ṣé ẹ fẹ́ kí n yí i padà, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbì kan.

Àwọn aláìsàn náà ńkọ́! Bàbá arúgbó láti abúlé kan ní Mayo, tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ sin màlúù, egungun itan ẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ bi í pé ṣé ó ń dùn yín bàbá, á ní "ah, I'm grand", ìyẹn ni pé dáadáa lòun wà. Irọ́ ni, kò grand. Òógùn wà níwájú orí ẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, òun ṣáà ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ní kò sí ìrora, ẹnu ẹ̀ ló gbọ́ o, kò wo ojú ẹ̀. Ẹ bi í lọ́nà míì, ẹ ní tí ẹ bá fẹ́ yí padà ńkọ́, ṣé ẹ sùn lóru, ibẹ̀ lòótọ́ ti máa jáde. Tíì náà bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fi lọ àlejò Irish á kọ̀, kì í ṣe pé kò fẹ́, ẹ tún fi lọ̀ ọ́, ó lè tún kọ̀, ẹ ṣáà gbé omi kaná. Ẹ̀yin náà tí wọ́n bá fi lọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan wọn ò ní gbà pé ẹ kọ̀, nítorí náà ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá yín kọ́ yín pé ẹ má tètè gba oúnjẹ níta, ó wúlò níbí.

Kí ló wá dé tí ilẹ̀kùn kejì fi le báyẹn? Kì í ṣe àwọ̀ nìkan o. Ẹ bi ará Poland tó ń gbé ibẹ̀, ẹ bi ọmọ Irish tó wá láti county míì, ìyẹn bí ìpínlẹ̀ míì, tó fẹ́yàwó sí Mayo, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ. Ọ̀rẹ́ tí Irish ní, láti pírámárì ló ti ní wọn, wọ́n jọ dàgbà ní parish kan náà, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ìyá wọn mọ ìyá ara wọn, kò sí àyè tó ṣófo lára wọn tí wọ́n ń wá ẹni tó máa dí i. Tí wọ́n bá pàdé ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń fọgbọ́n wádìí ni pé ọmọ ta ni ẹ́, ará ibo, ṣé ìdílé tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni àbí ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìbàdàn wá, níbi tí wọ́n ti ń béèrè agboolé kí wọ́n tó béèrè orúkọ, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ẹni tí ò ní agboolé, ọ̀nà méjì ni mo rí i tí wọ́n ń gbà wọlé.

Àkọ́kọ́ ni GAA. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá tiwọn nìyẹn, láti 1884 ló ti wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí parish tí kò ní kíláàbù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá pọ̀ ni wọ́n ń gbá jù ní Mayo, ibòmíì ní hurling tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi ń gbá a. Wọn kì í sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn o, ẹni tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ Sunday ní Croke Park ní Dublin níwájú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, tíṣà lè ni iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Mayo gan-an lọ́rọ̀ tó jinlẹ̀ nínú eré yìí. Látọdún 1951 tí wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Ireland kẹ́yìn, wọ́n ti dé àṣekágbá àìmọye ìgbà, wọ́n ń pàdánù ẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń gbé ife ọdún yẹn bọ̀ nílé tayọ̀tayọ̀, wọ́n gba ìlú Foxford kọjá, òkú ń lọ lọ́nà, wọn ò dúró bọ̀wọ̀ fún òkú, fada bá ṣépè fún wọn pé wọn ò ní gba ife náà mọ́ títí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn á fi kú. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn kú ní 2021, ife náà ò tíì dé síbẹ̀. Ẹ má lọ ṣàlàyé fún wọn pé èpè ò sí o, ẹ̀yin láti ilẹ̀ Yorùbá! Ẹ kàn ní "ọdún yìí ni". Tẹ́ ẹ bá ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti pupa wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí ò bá yín sọ̀rọ̀ rí á bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ìbejì náà, tí wọ́n bá ti dé, ẹ mú wọn lọ sí kíláàbù, owó ẹ̀ ò pọ̀, kẹ́ ẹ má sì já wọn sílẹ̀ lọ sùn, ẹ dúró nínú òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù, ẹ bá wọn pín bisikíìtì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ara wọn.

Ìkejì ni òkú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ìran Òyìnbó tó mọ òkú í ṣe bí àwọn Irish. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ RIP.ie, ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó bá kú ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀, ní bí ọjọ́ méjì mẹ́ta wọ́n ti sin ín. Kó tó dìgbà yẹn, ní ìgbèríko, wọ́n lè tẹ́ ẹ sí pálọ̀ ilé ẹ̀, àwọn èèyàn á tò síta, wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́, wọ́n á ní "sorry for your loss", wọ́n á wo òkú, wọ́n á jókòó, tíì á dé, sáńwíìṣì á dé, ìtàn òkú á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà á sì dé. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí náwó, àmọ́ ẹni tí ò bá wá wọ́n mọ̀ pé kò wá. Tí ìyá ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù yín bá kú, ẹ lọ, bẹ́ ò tiẹ̀ mọ ìyá yẹn rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, aṣọ dúdú ò pọn dandan. Wọn ò ní gbàgbé ẹ láéláé. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń sọ pé àwọn ò wọ ilé Irish kankan rí, ilé òkú ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún máa ń ṣe Máàsì fún òkú, ẹni tó bá lè lọ síyẹn, ó ti di ará ilé.

Ọtí: wọ́n ń mu ún, ó sì ń ba ilé jẹ́ bó ṣe ń ba tiwa náà jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa rí i ní emergency lóru Sátidé. Àmọ́ pub kì í ṣe ilé ọ̀mùtí nìkan, ibi ìpàdé ni, ẹ lè lọ mu mínírà, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Òfin ibẹ̀ kan ló wà, ẹnì kan á ra ti gbogbo àwọn tó jókòó pọ̀, ó di orí ẹlòmíì, ẹ má dìde lọ sílé kó tó kan yín. Tí ọ̀rọ̀ bá kan Guinness, ẹ sọ fún wọn pé Ìkẹjà ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ Guinness àkọ́kọ́ sí lẹ́yìn Ireland àti Britain, ní 1962, pé òdekú tiwa lé ní ìdá méje alcohol, tiwọn tí wọ́n ń fà sínú gíláàsì ò ju mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Wọ́n á jiyàn títí pub á fi tì.

Àwọn àgbà ní Mayo á tún sọ fún yín pé àǹtí àwọn jẹ́ Sister ní Nàìjíríà, tàbí pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn jẹ́ fada ní Calabar, òtítọ́ ni, Patrick mímọ́ tiwọn gan-an ni wọ́n fi ṣe alábòójútó Nàìjíríà ní 1961. Ìfẹ́ wà nínú ẹ̀, àánú tó ń bíni nínú náà sì wà nínú ẹ̀, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń ju owó sínú páálí kékeré ní àkókò Lẹ́ǹtì fún àwọn ọmọ tébi ń pa ní Áfíríkà, ogun Biafra náà ò sì kúrò lọ́kàn wọn. Ẹni tó bi yín pé ṣé iná mànàmáná wà níbi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ dá a lóhùn pé ó wà, a kì í ṣáà rí i. Àwàdà nìyẹn, wọ́n á gbádùn ẹ̀. Àmọ́ ẹ má pè wọ́n ní British láé, ẹ má sì sọ pé ẹ wà ní UK. Ìyàn 1845 sí 1852 tó pa bíi mílíọ̀nù kan èèyàn, Mayo wà lára ibi tó ti le jù, ìjọba London ló sì ń pàṣẹ nígbà náà. Ẹ sì rántí pé físà Ireland ò gbé yín dé Belfast, kò sí géètì kò sí sọ́jà lójú ọ̀nà o, àmọ́ ilẹ̀ UK nìyẹn, tí wọ́n bá dá bọ́ọ̀sì dúró ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ̀tanú ńkọ́? Ó wà. Ní 2004 wọ́n dìbò láti yí òfin padà kí ọmọ tí àlejò bí síbí má máa di ọmọ Irish ní kété tí wọ́n bá ti bí i, nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló fọwọ́ sí i, àwọn aboyún tiwa wà lára àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ nígbà yẹn. Ní ọdún mẹ́ta sígbà yẹn, 2007, Rotimi Adebari, ọmọ Ògùn tó wá síbí bí ẹni tó ń wá ààbò, di méyọ̀ Portlaoise, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní Ireland. Orílẹ̀-èdè kan náà ló ṣe méjèèjì. Ní November 2023 wọ́n dáná sun bọ́ọ̀sì láàárín Dublin, wọ́n ń pariwo pé kí àlejò máa lọ. Nígbà tó di Olympics 2024 gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ti tẹlifíṣọ̀n torí Rhasidat Adeleke, ọmọ Dublin tí òbí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tó ṣe ipò kẹrin nínú eré 400m. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń pariwo lójú pópó kì í sábà ṣe aládùúgbò yín, ti aládùúgbò máa ń jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ilé tó ti lọ kẹ́ ẹ tó fóònù parí, ìgbéga tó ń kọjá lára yín láìsí àlàyé. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti orúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá dé.

Ní ti àwọn ìbejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní kíláàsì wọn, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa irun. Ẹ̀yin náà ẹ lọ pàdé tíṣà kó tó di pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iléèwé pírámárì ni ti Kátólíìkì, wọn kì í béèrè ìwé ìrìbọmi mọ́ kí wọ́n tó gbọmọ, àmọ́ ní kíláàsì tí wọ́n ti máa tó bíi ọdún méje sí mẹ́jọ, First Communion ń bọ̀, aṣọ funfun, owó, àríyá, gbogbo kíláàsì ló ń múra ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tó bá jẹ́ Redeemed lẹ ń lọ, ẹ ti jókòó pẹ̀lú ọkọ yín kẹ́ ẹ pinnu, kó má jẹ́ pé ọmọ ló máa wá bi yín ní kíṣìnì. Wọ́n tún máa kọ́ èdè Irish, ó pọn dandan. Láàárín ọdún kan wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ará Mayo, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bá wọn sọ Yorùbá nílé, ẹ wo bí èdè àwọn Irish fúnra wọn ṣe ṣòro gbà padà lẹ́yìn tó bọ́ lẹ́nu wọn.

Ti òjò àti òtútù, mi ò ní fi dá yín dúró pẹ́. Nínú oṣù December ilẹ̀ ti ń ṣú ní bíi aago mẹ́rin ààbọ̀, tó bá di June ẹ máa nílò kọ́tìnnì tó nípọn torí aago mẹ́wàá alẹ́ oòrùn ṣì wà, àwọn ọmọ ò ní gbà pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ ra kóòtù tí omi ò lè wọ̀, agbòjò ò lè dúró nínú atẹ́gùn Mayo. Tí ọkàn yín bá ń fà sí orí òkè àdúrà, Croagh Patrick wà lẹ́bàá yín, wọ́n ń gùn ún ní Sunday tó kẹ́yìn nínú July, àwọn míì láì wọ bàtà.

Ó ku ìbéèrè ìkẹyìn. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀yin nìkan. Kì í ṣe torí ìwé, nọ́ọ̀sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì, ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín á jẹ́ kí ọkọ yín lè bá yín wá kó sì ṣiṣẹ́ láìgba ìwé àṣẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn ìbejì náà á máa rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi pé ọdún mẹ́jọ, ẹ̀yin lẹ máa sanwó tiyín. Ilé ni. Ilé ò sí, èyí tó wà wọ́n, tẹ́ ẹ bá kó ọmọ méjì wá sí yàrá họ̀tẹ́ẹ̀lì owó yín á tán kó tó di owó oṣù ìkejì. Ẹ ní kí ọsibítù kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n máa fún yín níbùgbé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ́tò kíá, wọn kì í pààrọ̀ láísẹ́ńsì Nàìjíríà, kíláàsì méjìlá ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń gbà lójú títì.

Ní Mayo, ọ̀pọ̀ ilé kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu lẹ́nu ni wọ́n ń gbà á. Torí náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má gbé oúnjẹ yín lọ jẹ nínú kọ̀rọ̀ pẹ̀lú fóònù, ẹ jókòó ní yàrá tíì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ata yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ pé ẹ ń wá ilé, ẹ sọ pé ìbejì lẹ ní. Gbogbo wọn á ní àwọn ò mọ ilé kankan, pé ó le gan-an. Ẹ má bínú. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹnì kan á dá yín dúró ní kọ́ríọ́dò, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, á wá ní kò dájú o, bóyá ẹ ò tiẹ̀ ní fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ àǹtí òun kan ní ilé tó ṣófo lójú ọ̀nà Westport. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá bọ́ sí i, kí bàbá àwọn ìbejì gba tíkẹ́ẹ̀tì àárín August, ìparí oṣù yẹn niléèwé ń wọlé.